Orí Karùn-ún: Ìmójútó Iṣẹ́ Òṣìṣẹ́ Ìjọba àti Ohun Tó Ń Dé Ọwọ́ Aráàlú

Ẹni tó bá dúró sí Ìyànà Ìbà, níbi tí ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Igando ti já sí títì márosẹ̀ Èkó sí Badagry, kò ní pẹ́ rí iṣẹ́ ìjọba oríṣiríṣi lójú kan náà. Òṣìṣẹ́ LASTMA wà láàrin títì, ó ń dá ọkọ̀ ńlá dúró kí kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ láti Ìbà lè ráyè kọjá. Àwọn agbálẹ̀ LAWMA ti gbá etí títì kí ilẹ̀ tó mọ́. Agbowó káńsù ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí èkejì. Tí a bá wọ inú àdúgbò díẹ̀, a ó bá ilé ìwòsàn káńsù, níbi tí àwọn ìyá gbé ọmọ jókòó de abẹ́rẹ́ àjẹsára, a ó sì bá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí olùkọ́ ti ń pe orúkọ. Lójú aráàlú, ìjọba ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ò jọ ara wọn, àpò tí owó oṣù wọn ti ń jáde ò jọ ara wọn, ọ̀nà tí a fi ń dá ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn wá buwọ́ lu ìwé lówùúrọ̀ náà ò sì jọ ara wọn. Ìyàtọ̀ ìkẹyìn yìí ni orí yìí dá lé.

Ìmójútó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kò ju pé kí òṣìṣẹ́ mọ iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́, kí ó rí irinṣẹ́ tí yóò fi ṣe é, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà máa wo bó ṣe ń lọ, kí ó gbọ́ ibi tó kù díẹ̀ káàtó kí ó tó pẹ́ jù, kí ohun tó ṣe sì hàn nínú ìgbéga rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wa ti mú ìkẹyìn nínú nǹkan wọ̀nyí, wọ́n sọ ọ́ di máàkì tí a ń kọ sílẹ̀ nígbà tí ọdún bá parí, wọ́n sì fi máàkì yẹn dípò gbogbo èyí tó kù. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí agbára kéré sí jù ni wọ́n gbájú mọ́. Iṣẹ́ ìlú máa ń dára níbi tí ọ̀nà bá ti kúrú láàrin ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó lágbára láti tọ́ ọ sọ́nà àti ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún. Ó máa ń bàjẹ́ níbi tí ọ̀nà yẹn bá ti gùn, bó ti wù kí fọ́ọ̀mù pọ̀ tó.

Láti ìwé àṣírí dé fọ́ọ̀mù APER

Nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, àti fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, ìwé àṣírí ni ọ̀gá máa ń kọ nípa ọmọ abẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà kì í fojú kàn án. Ó lè lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ láìmọ̀ pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún kejì pé ọ̀lẹ ni. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji darí, tí ìjọba Gowon gbé kalẹ̀ ní 1972, tó sì jábọ̀ ní 1974, ló ní kí ìdíwọ̀n iṣẹ́ bọ́ sí gbangba. Wọ́n dábàá pé kí ọ̀gá àti ọmọ abẹ́ jọ fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe, kí a sì fi èyí tí wọ́n bá ṣe díwọ̀n wọn. Ìjọba tètè mú apá tó kan owó oṣù nínú àbọ̀ náà. Àwọn àgbàlagbà ṣì rántí owó Udoji dòní. Ọjà gbówó lórí, àwọn òṣìṣẹ́ tó rò pé wọn ò rí tiwọn gbà daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1975, ariwo owó sì bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Apá tó sọ bí ó ṣe yẹ ká máa ṣiṣẹ́ kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀ débi tó yẹ. Ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ sí APER.

Ó yẹ ká wo fọ́ọ̀mù yìí dáadáa. Òṣìṣẹ́ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ apá àkọ́kọ́: orúkọ, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ tó ṣe láàrin ọdún. Ọ̀gá á wá fún un ní máàkì lórí ìmọ̀ iṣẹ́, ìwà, bó ṣe ń tètè dé, bó ṣe ń bá èèyàn lò. Òṣìṣẹ́ á kà á, á buwọ́ lù ú. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Àmọ́ ìgbà tí ìgbéga bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń wá fọ́ọ̀mù yìí kiri, nígbà mìíràn ti ọdún mẹ́ta pa pọ̀, nítorí pé ọdún mẹ́ta ni ẹni tó wà láàrin lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 7 sí 14 gbọ́dọ̀ lò lójú kan kí ìgbéga tó kàn án. Ọ̀gá tó bá fún ọmọ abẹ́ rẹ̀ ní máàkì kékeré ní láti kọ ìdí rẹ̀, yóò sì máa bá ẹni náà jókòó nínú ọ́fíìsì kan náà lọ́jọ́ kejì. Àwọn ẹlẹ́bẹ̀ á ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀gá tó bá fún un ní máàkì ńlá kò ní ẹjọ́ kankan í rò. Bó ṣe di pé gbogbo ènìyàn dára gan-an nínú fáìlì nìyẹn, tí aráàlú sì ń gbọ́ níwájú káńtà pé ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó, ẹ padà wá lọ́la.

Abuja ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2004, ìjọba Obasanjo dá SERVICOM sílẹ̀, kí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ ìlérí rẹ̀ síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á: iye ọjọ́ tí ìwé máa fi jáde, iye tí a máa san, ẹni tí a máa bá rojọ́. Nínú ètò àtúnṣe iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti 2021 sí 2025, wọ́n pinnu láti fi ètò tuntun tí wọ́n ń pè ní PMS rọ́pò APER. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn mínísítà Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu àdéhùn lórí ohun tí wọ́n máa ṣe. Ìgbìyànjú rere ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n gbà gbọ́ láìbi í léèrè, pé tí ìdíwọ̀n bá le sí i, iṣẹ́ á dára sí i.

Ohun tí iṣẹ́ àkànṣe 4,700 fi hàn

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Imran Rasul àti Daniel Rogger, yẹ ìgbàgbọ́ yẹn wò nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, Nàìjíríà níbí ni wọ́n sì ti ṣe é. Wọ́n kó iṣẹ́ àkànṣe tó lé ní 4,700 jọ, èyí tó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ 63. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣe é, ibi tí wọ́n ṣe é dé, àti bóyá ó dára. Wọ́n sì bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí léèrè bí àwọn ọ̀gá ṣe ń darí wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rí kò ní ya ọmọ Nàìjíríà kankan lẹ́nu: nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn iṣẹ́ náà ni wọn kò bẹ̀rẹ̀ rárá. Èkejì ló yani lẹ́nu. Níbi tí ọ̀gá bá ti fún òṣìṣẹ́ láyè láti lo ọpọlọ rẹ̀, kí ó dá ìpinnu ṣe lórí iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, iṣẹ́ tó ń parí pọ̀ sí i. Tí àyè yìí bá gòkè ní ìṣísẹ̀ kan, bí àwọn oníṣirò ṣe ń ka ìṣísẹ̀, iye iṣẹ́ tó ń parí á fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Níbi tí ìṣọ́ni àti èrè tó so mọ́ máàkì bá sì ti gòkè ní ìṣísẹ̀ kan náà, iye iṣẹ́ tó ń parí á fi ìdá 14 dín kù.

Kí ló fa èyí? Ká mú kànga ẹ̀rọ bí àpẹẹrẹ, nítorí ó wà lára irú iṣẹ́ tí ìwádìí náà kà. Ìwé iṣẹ́ sọ pé kí a gbẹ́ ẹ sí ojúlé kan pàtó. Nígbà tí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ dé ibẹ̀, wọ́n rí i pé omi iyọ̀ ló wà nísàlẹ̀, ohun tí ẹni tó ń gbé ẹ̀bá ọ̀sà ní Ojo mọ̀ dunjú. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fọkàn tán á ní kí wọ́n sún un síwájú díẹ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ á sì parí. Òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé bó ṣe tẹ̀ lé ìwé ni wọ́n fi ń fún un ní máàkì á dá iṣẹ́ dúró, á kọ lẹ́tà sí òkè, á sì máa retí fáìlì kó padà wá. Kò ṣẹ̀. Máàkì rẹ̀ pé. Aráàlú ni kò rí omi. Iṣẹ́ ìjọba kún fún irú ohun tí kò sí nínú ìwé bẹ́ẹ̀, ju iṣẹ́ ilé iṣẹ́ búrẹ́dì lọ, bí ìdíwọ̀n bá sì ṣe ń le tó ni òṣìṣẹ́ ń sá fún ohunkóhun tí kò sí nínú ìwé.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè sọ pé ìbáṣepọ̀ láàrin nǹkan méjì ni ìwádìí yìí rí, pé bóyá àwọn ilé iṣẹ́ tó ti dára tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ wọn láyè. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Àwọn olùwádìí náà fi iṣẹ́ tó jọra wéra, kànga ẹ̀rọ pẹ̀lú kànga ẹ̀rọ, láàrin ilé iṣẹ́ tó yàtọ̀, ìyẹn sì dín àtakò yẹn kù láìpa á tán. A tún gbọ́dọ̀ rántí pé ti ìjọba àpapọ̀ ni, iṣẹ́ àkànṣe sì ni wọ́n kà, kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ bíi ti nọ́ọ̀sì tàbí agbálẹ̀. Nítorí náà n kò ní fi í sọ pé kí a má ṣọ́ òṣìṣẹ́ mọ́. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ìṣọ́ni tí kò mọ iṣẹ́, tó jẹ́ pé ìwé nìkan ló ń ṣọ́, burú ju pé ká fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lọ.

Kí ni à ń kà?

Èyí gbé wa padà sí Ìyànà Ìbà. Láti 2000 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti dá LASTMA sílẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti wà: kí ni ká fi mọ òṣìṣẹ́ LASTMA tó mọṣẹ́? Ohun tó rọrùn jù láti kà ni iye ọkọ̀ tó mú. Ọkọ̀ ṣeé kà, owó ìtanràn ní rìsíìtì. Ṣùgbọ́n tí a bá fi ìyẹn ṣe ìdíwọ̀n, a ti sọ fún òṣìṣẹ́ pé kí ó lúgọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì títí awakọ̀ á fi ṣẹ̀, dípò kí ó dúró síbi tí awakọ̀ á ti rí i tí kò sì ní ṣẹ̀. Gọ́síló á wá di oko tó ti ń kórè. Ohun tí aráàlú tó ń lọ sí LASU tàbí Ọjà Alaba fẹ́ ni kí ọkọ̀ máa lọ, ìyẹn sì ṣeé wọ̀n: iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ fi ń kúrò ní ẹnu ọ̀nà Ìbà bọ́ sí títì márosẹ̀ láàárọ̀, lónìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Kò nílò ju aago àti ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ kan ló ni èsì yẹn. Títì tó bàjẹ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń pe èrò sí dánfó wà níbẹ̀, iṣẹ́ àtúnṣe títì àti ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tó yẹ kó dé Okokomaiko, àmọ́ tó jẹ́ pé Mile 2 ló gbèrò dé ní 2023, wà níbẹ̀. Nítorí náà ikọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pa pọ̀ ló yẹ kí a díwọ̀n, kí ọ̀gá ikọ̀ náà sì máa wà lójú títì.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ohun tí a ń kà ti ń yí iṣẹ́ po. Ní England, nígbà tí ìjọba ní kí aláìsàn pàjáwìrì má ṣe lò ju wákàtí 4 lọ kí wọ́n tó parí ìtọ́jú rẹ̀ tàbí gbà á sí wọ́ọ̀dù, ìròyìn jáde pé àwọn ilé ìwòsàn kan ń fi aláìsàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níta, nítorí pé ìgbà tó bá wọlé ni aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Iṣẹ́ agbálẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń bójú tó wọn á rin ibi tí a pín fún kálukú, ohun tó yẹ kó rí á hàn sí i lójú ẹsẹ̀, ohun tó bá sì fẹ́ sọ á ti sọ ọ́ kí oòrùn tó yọ. Kò sẹ́ni tó nílò fọ́ọ̀mù olójú ewé púpọ̀ fún ìyẹn.

Àpẹẹrẹ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fà yọ ní Èkó ni ti owó orí. Ní 1999, owó tí ìpínlẹ̀ Èkó ń pa wọlé fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi ₦600 mílíọ̀nù lóṣù. Láti 2005 ni Tunde Fowler ti di olórí àjọ tó ń gba owó orí, LIRS. Òfin 2006 sì fún àjọ náà lágbára láti darí ara rẹ̀: kí ó gba òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí ó san owó tó dára, kí ó ná lára ohun tó bá rí. Nígbà tí Fowler fi máa kúrò níbẹ̀ ní 2014, owó tó ń wọlé ti lé ní ₦20 bílíọ̀nù lóṣù. Ẹni tó bá ka èyí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Náírà ti wálẹ̀ láàrin ọdún wọ̀nyẹn, ọrọ̀ Èkó gbòòrò, kọ̀ǹpútà àti báńkì sì wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó tún jẹ́ pé owó wà lára ohun tó rọrùn jù láti kà láyé: òṣìṣẹ́ owó orí tó bá ṣiṣẹ́, nọ́ńbà á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, ohun kan ṣì kù. Ọ̀gá tó ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà ló lè fún un ní irinṣẹ́, òun náà ló lè gbé e ga, òun ló sì lè lé e. Wọn ò pín agbára yẹn sí ibi mẹ́ta.

Ti ìlera fún wa ní ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ ju ti owó orí lọ, nítorí ìlera ò ṣeé kà bí owó. Báńkì Àgbáyé gbé owó kalẹ̀ fún ètò kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Nasarawa àti Adamawa. Ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, wọ́n ń san owó fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó bá ṣe: iye aboyún tó bímọ níbẹ̀, iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ pé. Ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ míràn, wọ́n kàn ń fi owó tó kéré sí ìyẹn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, láìso ó mọ́ èrè, kí àwọn tó wà níbẹ̀ ná an sí ohun tí wọ́n rí pé ó kù. Nígbà tí èsì jáde ní 2021, ọ̀nà méjèèjì ṣe dáadáa ju ibi tí wọn ò ti ṣe nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n wọ̀n, àwọn tí wọ́n ń san èrè fún kò fi bẹ́ẹ̀ ta àwọn tó kù yọ. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ ní ni pé owó dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀, ó lágbára láti ná an, àwọn alábòójútó sì ń wá síbẹ̀ wò ó. Ibi tí mo ti sọ pé ọ̀nà gbọ́dọ̀ kúrú náà nìyí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rí ló sọ ọ́.

Ìbà àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ mẹ́ta

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sínú àfikún rẹ̀ kẹrin: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ẹran, kíkó ilẹ̀, kíkọ orúkọ ẹni tó bí, ẹni tó kú àti ẹni tó gbéyàwó sílẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn iṣẹ́ tí aráàlú ń rí lójoojúmọ́ nìyí. Ní Ìbà, káńsù tó ń ṣe é kò sí nínú orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà nínú ìwé òfin yẹn. Ní 2003 ni ìjọba Bola Tinubu ní Èkó pín ìjọba ìbílẹ̀ 20 sí 57, tí Ìbà fi jáde lára Ojo. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ní 2004 pé ìdásílẹ̀ wọn kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe di ohun tí a ń pè ní LCDA nìyẹn. Orúkọ Ojo ni owó Abuja fi ń jáde, kí ìpín Ìbà tó wá láti inú rẹ̀.

Ẹ wá wo òṣìṣẹ́ tó wà ní ẹ̀ka ìmọ́tótó níbẹ̀, kó jẹ́ lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 8. Alága tí àwọn ará Ìbà dìbò yàn ló ń gbọ́ igbe wọn pé gọ́tà ti dí, òun ló sì ń rán an níṣẹ́. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ló ń gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ń gbé e ga, tó ń gbé e kúrò ní Ìbà lọ sí Epe, tó sì lè bá a wí. Owó oṣù rẹ̀ ń gba inú àpò àjùmọ̀ní ti ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọjá. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 sọ pé kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn, kò kan ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́. Nítorí náà ẹni tó rí iṣẹ́ náà kò ní agbára lórí ìgbéga, ẹni tó ní agbára lórí ìgbéga kò rí gọ́tà náà rí, ẹni tí omi gọ́tà wọ ilé rẹ̀ kò sì mọ ọ̀nà kankan tí ohun tó ń sọ lè gbà wọ fáìlì òṣìṣẹ́ náà. APER ló yẹ kó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, òun náà ló sì kọ́kọ́ já. Ẹni tí wọ́n bá gbé kúrò ní Ìbà ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀gá tó bá a lo oṣù mẹ́ta péré ní Epe ni yóò fún un ní máàkì gbogbo ọdún.

Wọn ò dá àjọ yẹn sílẹ̀ lásán. Tí a bá fún alága káńsù lágbára láti gba òṣìṣẹ́ kí ó sì lé e bó bá ṣe wù ú, ìdìbò kọ̀ọ̀kan á kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wọlé, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á sì bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àná jáde. N kò gbà pé kí a mú àjọ náà kúrò. Ohun tí ààbò yẹn ń dí lọ́wọ́ ni kí a lé òṣìṣẹ́ nítorí òṣèlú. Kò dí i lọ́wọ́ kí ohun tí ẹni tó rí iṣẹ́ náà bá sọ ní ìwúwo nínú ìgbéga.

Àwọn àtakò tó kù

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó oṣù. Owó tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà di ₦70,000 ní 2024, Èkó sì ní òun á san ₦85,000. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ méjì láti Agbara dé Ìbà láràárọ̀ mọ bí ìyẹn ṣe ń tètè tán. Báwo la ṣe fẹ́ máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ìmójútó? Mo gbà pé LIRS kì bá ti ṣe àṣeyọrí tí kò bá san owó tó dára. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Udoji wà níwájú wa: owó pọ̀ sí i lọ́jọ́ kan, ọ̀nà iṣẹ́ sì wà bó ṣe wà. Àfikún owó tí kò bá àyípadà nínú bí a ṣe ń darí iṣẹ́ rìn kì í yí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú káńtà padà.

Àwọn míràn á sọ pé tí a bá fún òṣìṣẹ́ láyè láti dá ìpinnu ṣe, rìbá la fi lé e lọ́wọ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ibi tí rìbá ti ń gbilẹ̀ ni ibi tí ìwé gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, nítorí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló lè dá a dúró. Àyè tí mo ń sọ jẹ́ ti bí a ṣe máa ṣe iṣẹ́. Iye tí aráàlú máa san àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun kan ní láti wà lára ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń kà á, bí SERVICOM ṣe sọ, kí ẹnikẹ́ni má sì lè yí i padà.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ tẹ̀lé e ni pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba wa ṣe rí nìyẹn, pé iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ baba ẹnikẹ́ni. Ìtàn ò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, lẹ́yìn ètò tí S. O. Awokoya gbé wá sí ilé aṣòfin ní 1952, àwọn ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ Yorùbá ló wà nídìí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà, láti orí kíkọ́ yàrá ìkàwé dé orí kíkọ́ olùkọ́. Ìwé àṣírí ni wọ́n ṣì fi ń díwọ̀n wọn nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n ní ni iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ pé, àti àwọn ọ̀gá tó wà ní Ìbàdàn tí kò ní gba àwáwí.

Ní Ìbà, ohun tó ṣeé ṣe láìdúró de ilé aṣòfin kò tóbi. Àjọ ìpínlẹ̀ lè pàṣẹ pé kí ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ ń fi sílẹ̀ kọ APER tirẹ̀ kí ó tó lọ, kí oṣù mẹ́sàn-án má bàa ṣòfò. Ó lè ní kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, tó ti wà nílẹ̀ fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, máa kọ ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún: ọjọ́ mélòó ni wọ́n wá tí kò sí nọ́ọ̀sì, oògùn wo ni kò sí, ta ló ṣe wọ́n dáadáa. Kí ojú ìwé yẹn wọ fáìlì pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Kí nọ́ọ̀sì àgbà sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ tó lè fi ra epo jẹnẹrétọ̀ láìkọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, nítorí pé a ò lè bi í léèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára tó bàjẹ́ nínú fíríìjì bí kò bá lágbára láti mú kí fíríìjì náà ṣiṣẹ́.